Sà William MacGregor: Gómìnà Èkó tí igbó Olókèméjì bẹ̀rẹ̀ láyé ìjọba rẹ̀

Bí òjò bá rọ̀ púpọ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn. Àdúgbò wọn wà lára àwọn ibi tí omíyalé ti dà láàmú nínú ìlú náà. Inú odò Ògùn ni àwọn odò kéékèèké tó gba àárín ìlú kọjá, tí Sokori jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ń ṣàn lọ. Bí Ògùn fúnra rẹ̀ bá ti kún dé bèbè, omi àwọn odò kéékèèké yìí kì í rí ibi gbà mọ́. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn ló máa ń yà sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ pé pàǹtírí tí wọ́n ń dà sójú àgbàrá àti ilé tí wọ́n ń kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára ohun tó ń fa wàhálà yìí. Ohun tí kò hàn sí gbogbo ènìyàn ni pé ọ̀rọ̀ igbó tó wà lókè odò náà wà níbẹ̀. Níbi tó lé ní 30 kìlómítà sí Abẹ́òkúta, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, odò Ògùn gba inú igbó kan kọjá. Òkè méjì tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Olókèméjì. Igbó náà wà lára àwọn igbó àkọ́kọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lónìí. Ọdún 1899 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀, gómìnà tó gorí àlééfà ní Èkó lọ́dún náà sì ni Sà William MacGregor.

Orúkọ ọkùnrin yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà Èkó, nítorí odò tí wọ́n gbẹ́ láàárín erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ irú ẹni tó jẹ́, àti bí ọ̀rọ̀ igbó ṣe kàn án.

Ọmọ alágbàṣe oko

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 1846 ni wọ́n bí MacGregor ní Towie, abúlé kan ní ẹkùn Aberdeenshire ní ilẹ̀ Scotland. Alágbàṣe oko ni bàbá rẹ̀, òun sì ni àkọ́bí. Kò sí owó nínú ilé wọn, nítorí náà òun náà ṣe iṣẹ́ alágbàṣe nínú oko olóko nígbà èwe rẹ̀. Olùkọ́ ilé ìwé abúlé náà àti àlùfáà ìjọ wọn ló rí i pé orí rẹ̀ pé, tí wọ́n sì dúró tì í títí ó fi wọ yunifásítì ní Aberdeen. Ó gba oyè dókítà níbẹ̀ ní ọdún 1872.

Ní ọdún 1873, ó wọ iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ sí erékùṣù Seychelles, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí Mauritius, kó tó dé Fiji ní ọdún 1875. Ọdún burúkú ni ọdún náà jẹ́ fún àwọn ará Fiji. Àrùn èéyi tó jà níbẹ̀ pa nǹkan bí 40,000 ènìyàn, MacGregor sì bá ìlú náà nínú ọ̀fọ̀ nígbà tó dé gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn dókítà ìjọba.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 1884, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Syria, tó kó àwọn òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ Íńdíà bọ̀, fọ́ sórí àpáta inú òkun nítòsí Fiji. Ẹ̀mí tó lé ní 50 ló ṣòfò. MacGregor wà lára àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti yọ àwọn tó kù nínú omi, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Albert nítorí ìgboyà tó hù lọ́jọ́ náà.

Láti ọdún 1888 títí di 1898, òun ló ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní New Guinea. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ tó ní sí igi àti ewéko ti hàn gbangba. Ní ọdún 1889 ó gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Victoria, tó ga ju 4,000 mítà lọ. Kì í ṣe pé ó kàn gun òkè náà lásán, ó ń ṣa ewé àti òdòdó jọ. Ó fi àwọn ewéko tó rí ní New Guinea ránṣẹ́ sí Ferdinand von Mueller, àgbà onímọ̀ ewéko tó wà ní Melbourne, kí ó lè yẹ̀ wọ́n wò kí ó sì fún wọn lórúkọ. Ẹni tó ní irú ìmọ̀ yìí, tó tún jẹ́ dókítà, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá sí Èkó ní ọdún 1899.

Igi irẹ́ ń kú

Nígbà tó fi máa dé, ọ̀rọ̀ igbó ti di wàhálà láàárín ìjọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn onílẹ̀. Rọ́bà ló fà á. Ní ọdún 1894, lásìkò Gómìnà Gilbert Carter, àwọn tó mọ iṣẹ́ rọ́bà wá láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, láti wá fi han àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe ń gba oje lára igi irẹ́. Owó ńlá wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ní òkè òkun ń wá rọ́bà lójú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló gbé àdá wọ inú igbó. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí wọ́n kó gba Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lórí ìwọ̀n.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Wọ́n ń ṣá igi irẹ́ láti ìdí dé òkè, wọn kò sì jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ jinná kí wọ́n tó tún padà sídìí rẹ̀. Wọ́n ṣá ńlá, wọ́n ṣá kékeré. Láàárín ọdún díẹ̀, igi irẹ́ kú lọ bẹẹrẹ nínú igbó, òwò rọ́bà sì dẹnu kọlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ hàn sí tọmọdé tàgbà: igbó kì í ṣe ohun tí a lè máa mú nínú rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Kì í ṣe MacGregor ló kọ́kọ́ ronú nípa rẹ̀. Gómìnà Alfred Moloney tó ti jẹ ṣáájú rẹ̀ kọ ìwé kan nípa igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1887, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì dá ọgbà ewéko ìjọba sílẹ̀ ní Ẹ̀bute Mẹ́ta. Nígbà tó di ọdún 1897, ìjọba Èkó gbé àbá òfin kan jáde tí yóò fún gómìnà lágbára láti ya igbó sọ́tọ̀. Àwọn ará Èkó àti àwọn oníwèé ìròyìn fárígá. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bí ìjọba bá ti gba igbó lónìí, ilẹ̀ ni yóò gbà lọ́la.

Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Nílẹ̀ Yorùbá, kò sí igbó tí kò ní ẹni tó ni ín. Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dá oko síbẹ̀, ìdílé tó ni ibẹ̀ mọ ààlà rẹ̀. Àwọn tó ti kú ni ín, àwọn tó wà láyé ni ín, àwọn tí a kò tíì bí náà ni ín. Àwọn Ẹ̀gbá mọ èyí dáadáa, nítorí inú igbó ni orílé wọn wà kí ogun tó lé wọn kúrò, tí Ìgbẹ̀ìn àti àwọn ìlú yòókù fi kóra jọ sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830.

Ọ̀nà tí MacGregor gbà

Ọgbọ́n tí MacGregor ta ni pé ó fẹ́ kí òfin igbó gba ọwọ́ àwọn ọba àti ìjòyè kọjá. Ní ọdún 1901 ó ṣe òfin tó fi ìdí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ múlẹ̀, kí àwọn ọba àti ìjòyè lè máa jókòó sọ̀rọ̀ nípa ìlú wọn. Ìrònú rẹ̀ ni pé bí àwọn onílẹ̀ bá ní ọwọ́ nínú òfin, tí owó gẹdú sì kàn wọ́n, àwọn fúnra wọn ni yóò ṣọ́ igbó.

Ní ti Ẹ̀gbá, ọ̀rọ̀ tiwọn tún yàtọ̀. Àdéhùn ọdún 1893 ti fi ìjọba wọn sílẹ̀ fún wọn, ìjọba àpapọ̀ Ẹ̀gbá tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1898 ló sì ń darí ìlú lábẹ́ Aláké Gbádébọ̀ Kìíní. MacGregor kò lè jókòó sí Èkó kó máa pàṣẹ fún wọn. Àdéhùn àti ìmọ̀ràn ló ní lọ́wọ́. Títí di ọdún 1914 ni Ẹ̀gbá fi ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ báyìí. Ní ọdún 1904, ọdún tí MacGregor fi Èkó sílẹ̀, Aláké Gbádébọ̀ rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fojú kan Ọba Edward Keje.

Ojú irin ló jẹ́ kí iṣẹ́ Olókèméjì rọrùn. Ọ̀nà rélùwéè láti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1901, gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dúró ní Olókèméjì. Wọ́n dá ọgbà ewéko sílẹ̀ níbẹ̀, Cyril Punch sì wà lára àwọn tó bójú tó o. Ní ọdún 1902, wọ́n gbin igi tíìkì, tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, sí Olókèméjì. Ibẹ̀ ni igi náà ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà kó tó tàn dé ibòmíràn.

Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá nìkan ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe gbogbo èyí. Gẹdú àti rọ́bà wà lójú wọn. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ tí wọ́n ti ń wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà bàbá ńlá wọn di ẹni tó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Ibi gbogbo tí ìjọba bá ti ya igbó sọ́tọ̀ ni àwọn ará abúlé ti ń béèrè ohun tó jẹ́ tiwọn níbẹ̀.

Omi àti ẹ̀fọn

Bí MacGregor ṣe ń wo igbó, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wo omi. Ní ọdún 1897, Ronald Ross ti rí kòkòrò tó ń fa àrùn ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. MacGregor wà lára àwọn gómìnà tó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ náà ṣiṣẹ́. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n dí àbàtà, kí wọ́n la ojú àgbàrá, kí wọ́n sì pín oògùn kuníìnì fún aráàlú. Àwọn ìyá Èkó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1901, wọ́n sì ń lọ láti ilé dé ilé láti ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni odò gbígbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti wáyé, kí omi àbàtà lè rí ọ̀nà jáde.

Nígbà náà, àwọn aláṣẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń fẹ́ kí wọ́n ya àdúgbò àwọn òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ọmọ ilẹ̀ nítorí ibà. MacGregor kò gbà. Ìpinnu rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn fún gbogbo ìlú, kì í ṣe fún àwọn kan.

Lónìí, àwọn onímọ̀ mọ ohun kan tí kò hàn tó bẹ́ẹ̀ sí àwọn ènìyàn ìgbà náà. Àbàtà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló máa ń gba omi òjò sára bíi kàìnkàìn, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlú tó bá dí gbogbo àbàtà rẹ̀ láìwá ibòmíràn fún omi, omi yóò wá ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn Èkó, MacGregor ṣe gómìnà ní Newfoundland láti ọdún 1904 sí 1909, lẹ́yìn náà ní Queensland ní Ọsirélíà títí di ọdún 1914. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí yunifásítì Queensland. Ó kú ní Aberdeen ní ọjọ́ 3, oṣù Keje, ọdún 1919, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 72. Towie, abúlé tí wọ́n ti bí i, ni wọ́n gbé e padà lọ sin.

Ohun tí iná fi hàn

Igbó Olókèméjì kò bá a kú. Ní ọdún 1929, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ṣì ń mẹ́nu bà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ohun tí iná ọdọọdún ń ṣe sí igbó.

Wọ́n pín ilẹ̀ sí abala mẹ́ta. Wọ́n ń dáná sun abala kìíní lọ́dọọdún nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, tí koríko ti gbẹ fáú. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun abala kejì, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko. Abala kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná débẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ọdún 28, wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò, Charter àti Keay sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1960.

Ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Abala tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di ọ̀dàn tí koríko pọ̀ sí, tí igi kò tó nǹkan. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn sàn ju ìyẹn lọ, nítorí iná rẹ̀ kì í le tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí iná kò dé ń padà di igbó dídí, igi rẹ̀ ń pàdé ara wọn lókè. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọ̀dàn tó wà ní agbègbè náà kì í ṣe pé ilẹ̀ rẹ̀ kò lè hu igi. Iná àti àdá ènìyàn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò padà.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìgbẹ̀ìn. Bí igi bá wà ní bèbè odò, gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ọ lọ sínú omi. Ìbòòji rẹ̀ ń jẹ́ kí omi tutù fún ẹja. Ewé tó ń já sínú odò ni àwọn kòkòrò inú omi ń jẹ, àwọn kòkòrò náà sì ni oúnjẹ ẹja. Bí wọ́n bá gé igi náà tán, yanrìn àti ẹrẹ̀ yóò kún ìsàlẹ̀ odò, odò kò ní jìn mọ́, òjò tí kò tó nǹkan ni yóò sì mú un kún àkúnya.

Wọ́n ti wọn irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ibi ìwádìí igbó kan tó ń jẹ́ Hubbard Brook, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, wọ́n gé gbogbo igi tó wà ní àgbègbè odò kékeré kan ní òpin ọdún 1965. Ní ọdún àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, omi tó ń ṣàn jáde níbẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí wọ́n ń retí lọ, ó sì ń gbé ọ̀rá ilẹ̀ náà lọ.

Odò Ògùn gùn ju odò ibẹ̀ lọ fíìfíì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àwọn òkè tó wà nítòsí Ṣakí, ó gba Olókèméjì, ó gba Abẹ́òkúta, kó tó dé ọ̀sà Èkó. Ìlú tó bá wà nísàlẹ̀ odò kò lè sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe lókè odò kò kan òun.

Ó ṣeni láàánú pé igbó Olókèméjì ti pàdánù púpọ̀ nínú ohun tó ní. Àwọn agégẹdú tí kò ní ìwé àṣẹ ń wọ ibẹ̀, oko ń jẹ wọ inú ààlà rẹ̀, iná ẹ̀ẹ̀rùn kò sì dẹ́kun. Àwọn tó ń dáko síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ń wá oúnjẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí èrè kankan nínú igbó tí ìjọba ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Ohun tí MacGregor rí ní ọdún 1899 kò tíì yí padà: ẹni tí kò bá ní ìpín nínú igbó kò ní bá ọ ṣọ́ ọ.

Ìwádìí Olókèméjì ti fi hàn pé igbó lè padà bọ̀ sípò láàárín ìran kan ṣoṣo, bí wọ́n bá lé iná jìnnà sí i. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà ló kù kí ìjọba pè sí ìjókòó. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀ìn yóò máa wojú ọ̀run nígbàkígbà tí òjò bá ṣú.